Alága Wà Níjòókòó

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí àga yẹn."

Ìgbà kẹrin nìyí tí Ìyùnadé máa sọ ọ́, ìgbà kẹrin náà sì nìyí tí màmá yìí máa rẹ́rìn-ín músẹ́, tí á tún ìdí jókòó, tí á sì fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Àga ńlá ni, onítìmùtìmù pupa. Wọ́n kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì nínú ilé kékeré funfun kan tó dá dúró láàárín pápá gbalasa. Kò sí ilé mìíràn nítòsí, kò sí igi, koríko tí ọyẹ́ ti gbẹ ló tẹ́ lọ bẹẹrẹ títí dé ẹsẹ̀ òkè. Ilé Ẹlẹ́mu ni wọ́n ń pe ilé náà.

"Wọ́n ní kí n má dìde títí wọ́n á fi wá kí mi," ni màmá wí. "Ìwọ náà wá ibì kan jókòó sí, ọmọ mi, ó ti rẹ̀ ọ́. Ìgbà wo gan-an ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀? Ṣé wọ́n máa gbé oúnjẹ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ni, àbí lẹ́yìn ọ̀rọ̀?"

Ohùn kan dáhùn láti ara ògiri, ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tó sì gba ẹ̀kọ́. "Ó ku ìṣẹ́jú méjìlélógójì. Alága Ilé-iṣẹ́ Ọfà Jíjìn wà níjòókòó. Gbogbo ètò ti tò."

Ìyùnadé kọjú sí ẹ̀rọ tó ń jẹ́rìí sí ìdánwò láti inú ògiri náà. "Ẹlẹ́rìí, wo màmá yìí dáadáa. Ṣé Alága lo rí yìí?"

"Aṣojú Alága ni. Aṣojú ẹni, ẹni náà ni. Ìpín kẹrìnlá òfin."

Díẹ̀ ló kù kí Ìyùnadé forí sọ ògiri náà.

Kì í ṣe pé òfin yìí burú láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà tó ṣe é, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ aṣọ́fúrufú mẹ́tàdínlógún tí kò rí ẹyẹ lásán rí, wọ́n ti ra bàálù ogun tí kò lè fò bí òjò bá ṣú. Ni Ilé Ìgbìmọ̀ bá pa á láṣẹ pé bí ẹlẹ́mu ṣe ń kọ́kọ́ mu nínú ẹmu tó gbé wá kí àlejò tó fẹnu kàn án, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ ta ohun ìjà fún ìjọba gbọ́dọ̀ wá jókòó sábẹ́ ààbò ohun ìjà náà fúnra rẹ̀. Wọn yóò wá rán dúróònù sí i, bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀, tó ru àdó olóró gidi sáyà. Bí ọjà rẹ̀ bá dára, á já dúróònù náà lulẹ̀, òun náà á sì gbalé rẹ̀ lọ. Bí ọjà rẹ̀ kò bá dára, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọdún méjì gbáko ni kò fi sí ẹni tó gbé jákujàku wá mọ́.

Ìpín kẹrìnlá ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn èèyàn ńlá kan ló gbé ẹjọ́ lọ bá Ilé Ìgbìmọ̀ pé àbùkù ni kí wọ́n máa pe àwọn jáde bí ọmọ iléèwé. Níbo ni wọ́n ti ń rí ọlọ́lá tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n pè é? Ṣebí aṣojú ló ń rán. Àwọn aṣòfin náà ronú sí i, wọ́n rí i pé òótọ́ ni, torí pé ìdajì àwọn tó jókòó lọ́jọ́ náà gan-an, aṣojú aṣòfin ni wọ́n. Wọ́n fọwọ́ sí i. Kò sì sí ẹni tó rántí kọ ọ́ sílẹ̀ iye ìgbà tí aṣojú lè rán aṣojú.

"Màmá, ta ló rán yín wá síbí?"

"Ọkọ ọmọ mi ni. Ṣọlá. Ọmọ dáadáa ni o, àfi kí n má purọ́."

Ẹlẹ́rìí bá a parí rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bi í. "Alága rán Igbákejì. Igbákejì rán Ọ̀gá Ìtajà. Ọ̀gá Ìtajà rán Ọ̀gbẹ́ni Ṣọlá tó ń bójú tó ọgbà òdòdó ilé-iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ṣọlá rán ìyá ìyàwó rẹ̀, Ìyáàfin Olúwadárasími Ògúngbèjé, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Gbogbo ìwé ló pé."

"Ṣé o ti gbọ́?" ni màmá wí, inú rẹ̀ sì dùn. "Ó ní ìwé mi pé."

Ìyùnadé fọwọ́ lẹ́rán. Olùfiwéra Àgbà ni òun ní Ilé-iṣẹ́ Ààbò Òfúrufú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ọjà wé ọjà kó sì sọ èyí tí ìjọba máa rà. Oṣù mọ́kànlá ló fi wé méjì yìí: jẹ́ẹ̀tì mẹ́fà láti Ilé-iṣẹ́ Àwòdì, àti mísáìlì ọgọ́fà tòun ti ọkọ̀ tó ń gbé wọn láti Ọfà Jíjìn. Ó ti wé eré wọn, ó ti wé ìjìnnà wọn, ó ti wé ọjọ́ orí táyà ọkọ̀ wọn. Ìlà mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà lórí tábìlì àfiwé rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó kọ "ìyá ìyàwó olùtọ́jú òdòdó" sí nínú gbogbo rẹ̀.

Èyí tó tún wá ń dá a lágara jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ti jẹ̀bi láàárọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n dán jẹ́ẹ̀tì wò ní aago mẹ́wàá, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ló wà lórí àga pupa yìí, ó ń sùn fọnfọn. Ìyùnadé rò pé ọ̀gá Àwòdì ni, ó ní ọkùnrin yìí mà láyà o. Jẹ́ẹ̀tì gbéra, ó pẹ́ kó tó gbéra, ó já dúróònù náà nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án péré. Ìgbà tí ọkùnrin náà jáde tó ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ padà sígboro ni Ìyùnadé tó mọ̀ pé bírísíkéèsì ló wá bá ẹnì kan gbé. Kò sọ fún un. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ẹ̀.

Ó tẹ rédíò ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó pe Ọ̀gbẹ́ni Fádèyí, ẹni tí Ọfà Jíjìn rán wá sí abẹ́ ibòji àwọn òǹwòran ní kìlómítà mẹ́rin sí ibẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Fádèyí, arúgbó ni ẹ gbé sórí àga."

"Ẹ kú iṣẹ́, Màdáàmù. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún gbogbo àánú yín."

"Mi ò ṣàánú kankan. Ẹ wá jókòó síbí fúnra yín, kí màmá yìí máa lọ sílé."

"Háà, Màdáàmù, ẹ má bínú. Wọn ò fún mi láṣẹ àtijókòó. Àṣẹ tí wọ́n fún mi ò ju kí n bọ èèyàn lọ́wọ́ kí n sì gba káàdì wọn."

"Nígbà tí dúróònù bá ń bọ̀, ta ló máa ní kí mísáìlì gbéra?"

"Alága fúnra wọn ni. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ láti ibi tí wọ́n wà. Bí ilé-iṣẹ́ wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, ibi yòówù kí mísáìlì wà láyé, ọwọ́ Alága ni àṣẹ ẹ̀ ń wà. Ààbò ni."

"Níbo ni Alága wà?"

Fádèyí húkọ́. "Wọ́n wà ní ìsinmi, Màdáàmù. Erékùṣù kan báyìí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ já fáfá, ṣùgbọ́n a ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn."

Ìyùnadé pa rédíò náà kó tó bú u. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ariwo àwo àti ṣíbí ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Ẹ káàsán, sà. Ìṣòro wà níbí. Ẹni tó wà lórí àga..."

"Ìyùnadé, mo wà níbi ìṣílé kan, mo ń ṣojú Mínísítà. Ṣé ó ti parí?"

"Rárá, sà. Màmá àgbàlagbà kan ni wọ́n..."

"Gbọ́. Aago mẹ́rin ni Ilé Ìgbìmọ̀ ń ti ìwé rírà ọdún yìí. Bí kò bá sí orúkọ ọjà kan lórí ẹ̀ nígbà yẹn, ó di ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ń bọ̀. Ṣe ohun tó bá tọ́. Ìwọ ni aṣojú mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kó kan orúkọ mi o." Ó ti lọ.

Ìyùnadé dúró síbẹ̀, ó ń wo rédíò náà. Inú bí i débi pé omi lé sí i lójú. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ń bọ̀! Gbogbo Ọjọ́rú ni àwọn jàǹdùkú òkè odò ń rán dúróònù tiwọn sí Òkè-Àlàdé, ìlú bàbá rẹ̀, bí ẹni ń ná ọjà. Ọjọ́rú mẹ́tàléláàádọ́ta ló wà láàárín ìsinsìnyí sí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ó ti kà á. Bàbá rẹ̀ kò gbà kí wọ́n kó òun kúrò níbẹ̀ nítorí kòkó rẹ̀. Bí òun bá dá ìdánwò yìí dúró, jẹ́ẹ̀tì tí kò rí ibi gbéra ní Òkè-Àlàdé nìkan ló kù, ìlú náà kò ní ààbò. Bí òun bá sì jẹ́ kó lọ, ẹ̀mí màmá yìí wà lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì erékùṣù. Òfin kò gbà kí Olùfiwéra jókòó fún ẹlẹ́mu. Bí màmá bá sì dìde, ìdánwò ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú àga. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é sọ lóòró.

"Màmá, wọn ò sọ òótọ́ fún yín. Kì í ṣe àpèjẹ la wá ṣe níbí. Dúróònù tó ru àdó olóró ló ń bọ̀ wá sínú ilé yìí. Wọ́n fẹ́ fi wò ó bóyá mísáìlì wọn á lè já a kó tó dé."

Màmá Dárasími gbé orí sókè. Ó wo òrùlé. Ó wo ilẹ̀. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìpápánu kókoró kan jáde, ó gé e jẹ, ó jẹ ẹ́ tán.

"Ṣọlá," ló wí. "Ṣọlá tí mo fi adìyẹ mẹ́ta kí nígbà tó ṣubú lórí ọ̀kadà."

"Ó lè jẹ́ pé òun náà ò mọ̀, màmá."

"Ó mọ̀. Ó ní kí n wọ bàtà tó ṣe é sáré, mo rò pé nítorí ilẹ̀ pápá ni." Ó gbọn ẹ̀rún kókoró kúrò lórí aṣọ. "Kí ló wà nínú ẹ̀ fún ìwọ? Ojú ẹ dà bí ojú ẹni tí wọ́n ń ju ọmọ rẹ̀ sẹ́wọ̀n."

Ìyùnadé sọ fún un. Ó sọ ti Òkè-Àlàdé, ó sọ ti aago mẹ́rin. Nígbà tó rí i pé màmá ń gbọ́, ó sọ ti àfiwé náà pẹ̀lú, nítorí pé nínú oṣù mọ́kànlá kò tíì sí ẹni tó bi í pé kí ló rí.

"Bí mo ṣe rí i ni pé jẹ́ẹ̀tì dà bí ọdẹ. Èèyàn wà nínú ẹ̀, ó ń ronú, ó lè yí padà. Ṣùgbọ́n ó máa wọ bàtà kó tó jáde, ó sì ń fẹ́ ọ̀nà títẹ́jú tó máa ti gbéra. Òkè ni Òkè-Àlàdé, kò sí ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Mísáìlì ní tiẹ̀ dà bí ajá tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí olè bá ti yọ, ó ti bá a."

"Wọ́n so ó mọ́lẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

"Ta ló máa tú u?"

Ìyùnadé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìlà tó sọ ọ́ lórí tábìlì àfiwé rẹ̀.

"Mò ń bi ọ́ ni. Ajá wà ní Òkè-Àlàdé, olè wà ní Òkè-Àlàdé. Níbo ni kọ́kọ́rọ́ ṣéènì wà?" Màmá tẹ ara síwájú. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, ojú náà sì wá di ojú ẹni tó ti pàṣẹ rí. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ sítóò oúnjẹ ní iléèwé àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà. Ọ̀gá wa kan wà tó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sítóò sápò ara rẹ̀. Ó ní ààbò ni. Ó gbé e lọ sí ìpàdé ní ìlú òkèèrè. Ẹ̀wà wà nínú sítóò tó máa tó irinwó ọmọ jẹ lóṣù kan. Irinwó ọmọ fi gààrí sùn ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sunkún, mo sì ń wo ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tó dé ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo so ó mọ́ ìdí aṣọ mi. Mo ní ẹni tó bá ń sùn ti sítóò ni kó mú kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó lé mi. Kò lé mi."

Ìlà mẹ́rìndínláàádọ́ta! Ìyùnadé dìde dúró, ojú sì ń tì í. Ó ti ka ọjọ́ orí táyà, kò ka kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá ra mísáìlì yìí bó ṣe wà, Ọjọ́rú ni dúróònù máa yọ lókè odò, wọ́n á máa wá Alága lórí omi, Fádèyí á sì máa bọ èèyàn lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mo máa dá a dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

Ìyùnadé yíjú sí fèrèsé.

"Ìgbà tí mo bá dìde, ta ló jàre? Ẹni tó rán mi ni. Á ní màmá ló bẹ̀rù, ọjà òun dára." Màmá Dárasími gbé ọwọ́ méjèèjì lé apá àga. "Ìwọ tó wà nínú ògiri. Ṣé èmi ni Alága?"

"Ẹ̀yin ni, mà," ni Ẹlẹ́rìí wí.

"Gbogbo àṣẹ Alága ńkọ́?"

Ìyùnadé rò pé màmá ń fi ẹ̀rọ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ti fẹ́ dá a lẹ́kun kí ohun tó wà nínú ìbéèrè náà tó yé e.

"Aṣojú ẹni, ẹni náà ni," ni Ẹlẹ́rìí fèsì. "Alága tí kò fi ààlà sí iṣẹ́ tó rán ni, gbogbo àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó bá jókòó fún un, títí tí yóò fi dìde. Kò sí ààlà kankan nínú ìwé yìí."

"Àwọn náà ò kà á," ni Ìyùnadé wí wúyẹ́wúyẹ́. "Bí wọ́n ṣe máa yẹra fún àga yìí ni wọ́n ń wá, wọn ò tiẹ̀ ka ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí." Ó bi Ẹlẹ́rìí bí ẹni ń rìn lórí ẹyin. "Ṣé Alága lè fa kọ́kọ́rọ́ mísáìlì ọgọ́fà yìí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pátápátá, tí kò fi ní í lè gbà á padà mọ́?"

"Ó lè ṣe é. Ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà gbọ́dọ̀ jọ wà nínú yàrá kan náà. Alága kò sì gbọdọ̀ dìde títí dúróònù yóò fi já. Bó bá dìde, gbogbo rẹ̀ di asán."

"Ó ku ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́tàlá. Dúróònù ti kúrò nílẹ̀."

Ìyùnadé wo màmá. "Ẹ gbọ́ ọ, mà. Ẹ máa ní láti dúró. Mi ò mọ̀ bóyá mísáìlì náà dára. Ohun tó wà lórí ìwé ni mo rí."

"Ọmọ, wọn ò fi mí ṣe alága nǹkan kan rí láyé mi," ni Màmá Dárasími wí. "N ò ní í dìde báyìí." Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ìwọ inú ògiri, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ẹ̀. Títí láé."

"Mo gbọ́, Alága. Ìyáàfin Ìyùnadé, ta ni ẹ ń ṣojú?"

Ìbéèrè yìí ni Ẹlẹ́rìí máa ń bi gbogbo èèyàn. Láti ogún ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Ìyùnadé kì í ronú kó tó dáhùn. Ọ̀gá mi, tó ń ṣojú Mínísítà. Ó ti dé ẹnu rẹ̀. Ó wá rí Mínísítà níwájú rẹ̀, ọ̀kan tí òun kò tíì fojú rí láàyè rí, ó rí kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ẹni yẹn, ó rí Ọjọ́rú. Wọ́n á pe Mínísítà, aṣojú rẹ̀ á gbé e, aṣojú náà á wà níbi ìṣílé.

"Ẹ ti ń pẹ́, mà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Mò ń ṣojú àwọn ará Òkè-Àlàdé."

Ẹlẹ́rìí tún ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò. "Kò sí orúkọ wọn lórí ìwé yín. Ọ̀gá yín ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gba ohun ìjọba lórúkọ ẹni tí kò rán an, ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni. Ṣé wọ́n rán yín?"

Ìyùnadé wá inú rédíò ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo alẹ́ Ọjọ́rú ni bàbá rẹ̀ máa ń fi ohùn ránṣẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò gbọ́ wọn tán mọ́, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó sì máa ń mú orí fọ́ ọ. Ó tẹ èyí tó kẹ́yìn. Ohùn bàbá rẹ̀ kún inú ilé náà.

"Ìyùnadé, bàbá rẹ ni. Wọ́n tún ti wá o. Iléèwé ni tọ̀tẹ̀ yìí. Ọlọ́run ló ní kó jẹ́ pé àwọn ọmọ ti lọ sílé. Má bínú pé mò ń yọ ọ́ lẹ́nu. Lọ bá wa sọ fún wọn. Ìwọ la ní níbẹ̀." Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn ń ya lu ohùn, ọkùnrin, obìnrin: Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá! Ẹ sọ fún un! Kó bá wa sọ!

Ohùn náà gé. Ìyùnadé kò tíì gbọ́ apá yẹn rí. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, kò sì gbìyànjú láti fi pa mọ́.

"Mo ka ohùn mọ́kànlélógún yàtọ̀ sí ti bàbá," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Gbogbo wọn fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n rán yín. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ Òkè-Àlàdé. Dúróònù ti wọ pápá."

Wọ́n gbọ́ ọ báyìí, ó ń kùn bí agbọ́n tó há sínú àgbá. Ìyùnadé lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Màmá Dárasími na ọwọ́ sí i, ó gbá a mú. Ọwọ́ náà le koránkorán.

"Mísáìlì ń dúró de Òkè-Àlàdé," ni Ẹlẹ́rìí wí.

"Lọ," ni Ìyùnadé wí.

Nǹkan kan ya òfúrufú láti ibi tí ọkọ̀ tó gbé mísáìlì wà. Ìró rẹ̀ gba orí òrùlé kọjá, eruku jábọ́ sí wọn lórí. Ìyùnadé ka mẹ́ta. Ó ka mẹ́rin. Ní márùn-ún ni ilẹ̀ mì, gíláàsì fèrèsé là sí méjì, báàgì màmá ṣubú tí kókoró sì fọ́n ká aṣọ rẹ̀ àti ilẹ̀. Nígbà tó yá, kò sí ohun tó ń kùn mọ́.

"Dúróònù ti já, kìlómítà méjì ààbọ̀ sí ibí," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ìdánwò parí. Alága lè dìde bó bá wù ú."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sinmi," ni màmá wí.

Ìyùnadé fa tábìlì àfiwé rẹ̀ jáde. Nísàlẹ̀ ìlà kẹrìndínláàádọ́ta, ó fọwọ́ kọ ọ̀kan kún un: *Ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.* Ní iwájú jẹ́ẹ̀tì, ó kọ "ọ̀dọ̀ olùtà." Ní iwájú mísáìlì, ó kọ "Òkè-Àlàdé." Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀, kò sì kọ "fún ọ̀gá mi" ṣáájú rẹ̀ bó ṣe máa ń kọ. Ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó máa kọ kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyẹn. Ó rán an sí Ilé Ìgbìmọ̀. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méje.

Inú rẹ̀ kò tíì balẹ̀ tí ìpè kan fi wọlé láti ara ògiri, gbogbo ilé náà sì gba ohùn ọkùnrin kan tó ń mí gulegule, tí ìró omi òkun wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn? Ta ló fi kọ́kọ́rọ́ mi tọrẹ? Mísáìlì ọgọ́fà! Èmi ni Alága! Èmi fúnra mi ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí!"

"Ẹ káàsán, sà," ni Ẹlẹ́rìí wí tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. "Ẹ ń ṣojú ta ni?"

"Mi ò ṣojú ẹnikẹ́ni! Èmi gan-an ni!"

"Mi ò rí ìwé yín, sà."

Oṣù mọ́kànlá ni Ìyùnadé fi ń wá ọkùnrin yìí. Ìgbà mọ́kàndínlógún ló kọ lẹ́tà sí i, ìgbà mọ́kàndínlógún sì ni ẹlòmíràn dá a lóhùn. Ó wo Màmá Dárasími tó ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí àga pupa, tó ń ṣa kókoró rẹ̀ láti orí aṣọ. Ó nu ojú, ó tún ohùn ṣe.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Alága wà níjòókòó. Ẹ lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn."